Kí Ẹ Tó Sanwó Ẹ̀rọ Ìgbìn Aláfẹ́fẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Èkó Tó Ní Oko Ọkà

Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ẹnì kan má fi fọ́tò ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀rọ náà á wà nínú ọgbà kan ní Àpápá tàbí lẹ́bàá títì Ìkòròdú, ọ̀dà ara rẹ̀ á máa dán, ẹni tó fi ránṣẹ́ á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Alàájà, ẹ bá mi wo eléyìí. Ṣé kí n sanwó?" Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n kò kan ẹ̀rọ rárá. "Ọjọ́ mélòó lẹ ní láti fi gbìn?" Ọ̀pọ̀ wọn kì í rí èsì fọ̀.

Mushin ni wọ́n bí mi sí. Màmá mi ta ọkà ní Dàlẹ́kọ títí ọjọ́ ogbó fi mú wọn jókòó sílé; orí àpò àgbàdo ni mo ti ṣe iṣẹ́ iléèwé mi. Nígbà tí èmi àti àwọn àbúrò mi wá dá oko sílẹ̀ lápá Ìsẹ́yìn, a rò pé ẹni tó mọ ọkà lọ́jà ti mọ ọkà lóko. Ẹ̀rọ ìgbìn ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ẹni tí mò ń kọ èyí fún ni ẹni tó ń gbé Èkó bíi tèmi, tí oko rẹ̀ wà ní Ògùn, Ọ̀yọ́ tàbí Kwara, tó ti kọjá ọkọ́ àti àdá, tó wá fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbin ọkà. Irú wa ń pọ̀ sí i. Láti ìgbà tí ilé ìrẹsì ìjọba ti ṣí ní Ìmọ́tà, ní Ìkòròdú, ní oṣù kìíní ọdún 2023, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa bó tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, àwọn tó ń béèrè ẹ̀rọ ìrẹsì lọ́wọ́ mi gan-an ti lé ní iye tó ń béèrè ti àgbàdo.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé hóró sóyà kan. Inú tánkì ló wà. Lábẹ́ tánkì, rólà kan wà tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára. Bí táyà ẹ̀rọ ṣe ń yí nílẹ̀ ni rólà náà ń yí, òun ló sì ń díwọ̀n iye irúgbìn tó ń já sísàlẹ̀. Ibi tí hóró wa já sí, afẹ́fẹ́ fáànù ti ń sáré kọjá nínú páìpù níbẹ̀. Á gbé e lọ sí orí ìpín, ohun kan tó rí bí olú lórí òpó, tí họ́ọ̀sì yí ká. Orí ìpín á pín irúgbìn sí họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, họ́ọ̀sì á sọ̀ ọ́ sẹ́yìn eyín irin tó ń la ilẹ̀, táyà kékeré kan á sì tẹ̀lé e láti tẹ erùpẹ̀ lé e lórí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, ajílẹ̀ ní tánkì àti rólà tirẹ̀.

Kò sí ibì kankan nínú ìrìn àjò yẹn tí ẹ̀rọ ti ka hóró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń díwọ̀n ni, kì í kà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ọsirélíà ni ẹ̀rọ yìí ti bẹ̀rẹ̀; Albert Fuss ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Dalby, ní Queensland, ní 1956. Àwọn ará Kánádà gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di ńlá, débi pé èyí tó fẹ̀ tó mítà 12 sí 24 wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ilẹ̀ wọn, kùkùté kò sí níbẹ̀, àlìkámà ni wọ́n sì ń gbìn jù. Ohun tó bá ilẹ̀ yẹn mu lè má bá Òkè-Ògùn mu, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ ojú omi sì gbé wá sí Àpápá, irú oko bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ọjọ́ yín

Kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú dání. Láti ọjọ́ tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di ọjọ́ tí gbígbìn ti pẹ́ jù, ẹ lè rí ọgbọ̀n ọjọ́ kà. Ẹ yọ ọjọ́ tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ tí táyà ń rì. Ẹ yọ ọjọ́ tí dísù wọ́n, ọjọ́ tí bẹ́rìn jẹ, ọjọ́ tí dírẹ́bà lọ síbi ìnáwó. Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ ọ́ sí, àti pé lọ́dún tó dára jù fún wa, ọjọ́ 12 péré ni katakata wa fi gbìn ní tòótọ́.

Ká ní hẹ́kítà 100 lẹ ní, tí ọjọ́ yín sì jẹ́ 12. Ẹ nílò hẹ́kítà mẹ́jọ ó lé díẹ̀ lójúmọ́. Bí ẹ bá fi wákàtí 7 ṣiṣẹ́, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi hẹ́kítà 1.2 ní wákàtí kan. Láti mọ ohun tí ẹ̀rọ kan lè ṣe, ẹ fi eré rẹ̀, ní kìlómítà fún wákàtí kan, ṣe ìlọ́po fífẹ̀ rẹ̀ ní mítà. Ẹ tún fi 0.65 ṣe ìlọ́po ohun tó jáde, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà 10. Ìdí tí mo fi ń lo 0.65 ni pé katakata máa ń yí padà lórí ìlà, wọ́n máa ń dúró bu irúgbìn sí i, họ́ọ̀sì sì máa ń dí. Ẹni tí oko rẹ̀ gùn gbọọrọ lè lo 0.7, ẹni tí tirẹ̀ rí kọ́rọ́kọ́rọ́ kó lo 0.55.

Ẹ̀rọ mítà 3 tó ń sáré kìlómítà 7: 3 × 7 × 0.65 ÷ 10, ó fún wa ní hẹ́kítà 1.37 ní wákàtí kan. Ó tó hẹ́kítà 100 yẹn, ó tún ṣẹ́kù. Bí hẹ́kítà bá jẹ́ 400, nínú ọjọ́ 12 kan náà, ẹ̀rọ tó lé ní mítà 10 lẹ máa nílò, katakata tó lè fa irú rẹ̀ sì jẹ́ ìnáwó mìíràn lọ́tọ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tí mo ti rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Súrúlérè ní hẹ́kítà 60, ẹ̀rọ mítà 9 ló sì wù ú nítorí owó rẹ̀ wálẹ̀. A jókòó ṣírò rẹ̀ lórí bébà ìdí àkàrà: ẹ̀rọ yẹn á parí oko rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, á sì fi ọjọ́ 363 gba òjò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ohun ọ̀gbìn ló ń yan irú ẹ̀rọ

Irú méjì ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní aláfẹ́fẹ́ lọ́jà wa, àwọn tó ń tà á sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ń fẹ́, èkejì ń fà.

Èyí tó ń fẹ́ ni mo ti ṣàlàyé lókè. Ìrẹsì, àlìkámà, sóyà tí ìlà rẹ̀ sún mọ́ra, bíi sẹ̀ǹtímítà 19 sí 30, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí hóró ìrẹsì méjì bá bọ́ síbì kan, kò ṣe nǹkan kan. Ìrẹsì máa ń hù ní ìdì.

Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 25, igi 53,333 ló yẹ kó wà lórí hẹ́kítà kan, kálukú ní ààyè tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n láìkà á sọ méjì síhìn-ín, á fo ibòmíràn. Méjì tó dúró pọ̀ á máa bára wọn jà fún omi àti ajílẹ̀, ọmọ wọn á rán. Ibi tó fò á di ilé èpò. Ẹ̀rọ tó ń fà ni ti àgbàdo. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ó ní àwo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n dá ihò sí létí yípo. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìn àwo náà, hóró kan á lẹ̀ mọ́ ihò kan, àwo á gbé e yí dé ibi tí ìfà náà ti já, hóró á já bọ́ sínú ilẹ̀. Èyí ń kà. Maschio Gaspardo ti Ítálì, Monosem ti Faransé, Jumil ti Bùràsíìlì, gbogbo wọn ló ń ṣe irú rẹ̀. Àwo àgbàdo yàtọ̀ sí ti sóyà àti ti ọkà bàbà, nítorí náà ẹ rí i pé gbogbo àwo tí ẹ nílò wà nínú ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Èrò mi rèé, láìfi bọpo bọyọ̀. Bí ẹ bá ń gbin àgbàdo àti sóyà ní ilẹ̀ Yorùbá, tí oko yín kò tó hẹ́kítà 200, èyí tó ń fà ni kí ẹ rà. Ó lè gbin sóyà náà, bí ẹ bá ti fún un ní àwo tó yẹ. Bó bá jẹ́ ìrẹsì ni iṣẹ́ yín, ẹ ra èyí tó ń fẹ́. Bó bá jẹ́ àgbàdo nìkan ni, tí kò tó hẹ́kítà 50, ẹ má ra aláfẹ́fẹ́ kankan. Ẹ̀rọ ìgbìn lásán, tí àwo rẹ̀ kò nílò fáànù, á ṣe é fún yín, wẹ́dà abúlé á sì mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà

Kí ẹ rìn ín fúnra yín, pẹ̀lú bàtà rọ́bà àti ọ̀pá irin. Lápá ọ̀dọ̀ wa, igi òrí àti igi irú ni wọ́n máa ń gé, tí wọ́n á sì fi kùkùté sílẹ̀ nínú koríko. Ẹni tó rí ilẹ̀ náà láti inú mọ́tò kò rí kùkùté. Mo ka 37 lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti bá wa fi katakata tú lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ń la ilẹ̀ lára ẹ̀rọ jẹ́ eyín tàbí àwo mímú, èyí tó yàtọ̀ sí àwo tó ń ka hóró. Eyín ń wọ ilẹ̀ líle dáadáa, ó sì rọrùn láti jó padà, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ́ pòròpórò jọ sẹ́nu, bó bá sì kọ kùkùté, ohun kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́. Ẹ wò bóyá ó ní sípíríǹgì tó lè jẹ́ kó sún sẹ́yìn, tàbí bóòtù tí wọ́n dìídì ṣe láti já kí irin má baà ṣẹ́. Bí kò bá ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, kì í ṣe ẹ̀rọ ilẹ̀ wa nìyẹn. Àwo máa ń gun orí gbòǹgbò kọjá, ó sì ń gé pòròpórò, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò fẹ́ tú ilẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Nínú amọ̀ tútù ni wàhálà rẹ̀ wà: erùpẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, bí kò bá sì mú tó, dípò kó gé koríko á tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò pẹ̀lú irúgbìn, irúgbìn kò sì ní fọwọ́ kan erùpẹ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn tí a ti pa kùkùté rẹ̀ tán ni mo máa ń fún ní àwo. Gbogbo ìyókù, eyín onísípíríǹgì.

Owó tí ẹ bá fi hú kùkùté kò ṣòfò. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Katakata tí ẹ ní

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè nípa rẹ̀: agbára, gbígbé, àti ọ́ìlì.

Agbára ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Katakata họ́ọ̀sìpáwà 75, irú tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà, lè bá ẹ̀rọ mítà 3 lọ lórí ilẹ̀ tí a ti tú. Kò lè fa ẹ̀rọ mítà 12 lórí ilẹ̀ tí a kò tú. Ìyẹn ń béèrè ju 200 lọ.

Gbígbé wá. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú tí katakata ń gbé sẹ́yìn, ẹ ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú irúgbìn nínú. Tánkì lítà 1,000 tó kún fún àgbàdo ti fi nǹkan bíi kílò 720 kún un. Táyà iwájú katakata á gbéra nílẹ̀, ọwọ́ dírẹ́bà kò sì ní ká a mọ́ lójú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n lè so irin mọ́ iwájú katakata kó lè dúró ṣinṣin, àmọ́ ẹ bi ẹni tó mọ katakata yín bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ gbà á.

Ọ́ìlì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni a ti jìyà. Fáànù ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, mọ́tò haidírọ́líìkì ló ń yí i, ọ́ìlì katakata sì gbọ́dọ̀ máa ṣàn sínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ wá iye lítà tí fáànù náà ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí pọ́ǹpù katakata lè tì jáde. Bí kò bá tó, fáànù kò ní yí tó bó ṣe yẹ, họ́ọ̀sì á máa dí. Àwọn mìíràn ń lo PTO, ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí lẹ́yìn katakata, láti yí fáànù. Ìyẹn rọrùn fún katakata tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ.

Ẹ̀rọ wa àkọ́kọ́, tòkunbọ̀ ni. Ẹni tó tà á fún wa ní kí a kàn so họ́ọ̀sì méjì mọ́ katakata, ó ti parí. Họ́ọ̀sì kẹta wà lára mọ́tò fáànù náà, tín-ín-rín, kò nípọn ju ìka lọ, wọ́n ti fi bóòtù dí i lẹ́nu. A kò béèrè. Ní ọjọ́ kejì lóko, mo fi ọwọ́ gba irúgbìn lẹ́nu họ́ọ̀sì láti wò ó. Sóyà náà ń dán bí ẹ̀pà tí wọ́n fi òróró yí, ó ń yọ̀ bọ́ láàárín ìka mi. Síìlì mọ́tò ti fò jáde, ọ́ìlì ń tú sí fáànù, fáànù sì ń fẹ́ ẹ lọ bá irúgbìn.

Nígbà tí a gbé mọ́tò náà dé Owódé Onírin, mẹkáníìkì tó tú u kò tilẹ̀ wo síìlì. Bóòtù yẹn ló ń wò. "Alàájà, ta ló dí èyí pa?" Ó ṣàlàyé fún mi: ọ́ìlì díẹ̀ máa ń jò nínú mọ́tò bó ṣe ń yí, họ́ọ̀sì tín-ín-rín yẹn ló ń dá a padà tààrà sínú tánkì ọ́ìlì katakata, kò sì gbọdọ̀ sí ìdènà kankan lọ́nà rẹ̀. Bí wọ́n bá dí i, ọ́ìlì á kóra jọ títí á fi ti síìlì jáde. Páàtì tí a rà kò tó nǹkan. Ọjọ́ mẹ́rin nínú 12 wa ló bá a lọ, èyí tí owó kò lè rà padà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí họ́ọ̀sì tín-ín-rín lára mọ́tò fáànù, ẹ béèrè ibi tó ń lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ ṣe máa yẹ tòkunbọ̀ wò

Ẹ má wo ọ̀dà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, sípánà díẹ̀, ike omi, àti ọṣẹ.

Tánkì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ajílẹ̀ ń jẹ irin, ẹ fi ìdí sípánà kan ìsàlẹ̀ tánkì díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá dún bí páànù tó ti jẹrà, á lu láìpẹ́. Ẹ fi ọwọ́ yí rólà. Bí ihò ara rẹ̀ bá ti fọ́ tàbí tó ti dán mọ́lẹ̀, kò ní díwọ̀n dọ́gba mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ họ́ọ̀sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní orí ìpín, kí ẹ tan iná wò wọ́n. Eku máa ń kọ́ ilé síbẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ti dúró lọ́gbà fún oṣù mélòó kan, ìdì koríko kan ṣoṣo sì tó láti pa odindi ìlà kan. Ẹ ká họ́ọ̀sì náà. Bí ara rẹ̀ bá là bí ẹsẹ̀ tí ọyẹ́ mú, oòrùn ti jẹ ẹ́.

Ọṣẹ wá rèé. Ẹ ní kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ katakata kí fáànù yí, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé katakata kò sí nítòsí; ẹni tó ń ta ẹ̀rọ tó tó irú owó bẹ́ẹ̀ lè yá katakata fún ìdajì wákàtí. Ẹ po ọṣẹ sómi kó hó, kí ẹ fi kànrìnkàn fi í sí ibi gbogbo tí họ́ọ̀sì ti so pọ̀, àti yípo ìdérí tánkì, bí fọganáísà ṣe ń wá ibi tí tẹ̀ẹ́bù ti ń jò. Ibi tí ìfófòó bá ti ń wú, afẹ́fẹ́ ń jáde níbẹ̀. Ìdérí tánkì ló ṣe pàtàkì jù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ há mọ́ inú tánkì kí irúgbìn lè já gba inú rólà. Bí ìdérí bá ń jò, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á máa ti irúgbìn padà sókè. Ẹ á rí tánkì tó kún, fáànù tó ń dún, ilẹ̀ á sì ṣófo. Rọ́bà ẹnu ìdérí kò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni kí ẹ gbin hẹ́kítà mẹ́wàá kí ẹ tó mọ̀.

Ẹ pa katakata, kí ẹ di fáànù mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì, bẹ́rìn rẹ̀ ti ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ibi tí páàtì máa ti wá

Ẹ wo nọ́ńbà ara bẹ́rìn. Bí ẹ bá rí 6205 níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé bẹ́rìn gbogbogbòò ni: ihò rẹ̀ mìlímítà 25, ẹ̀yìn rẹ̀ 52, nínípọn rẹ̀ 15, ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é. Ẹ máa rí i ní Ládípọ̀, ẹ máa rí i ní Owódé Onírin, ẹ máa rí i ní Ìsẹ́yìn pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ nìkan mọ̀, òkè òkun lẹ ó ti máa retí rẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀. Bákan náà ni bẹ́lítì. Họ́ọ̀sì haidírọ́líìkì kì í ṣe wàhálà, wọ́n á bá yín tẹ ẹnu sí i ní Èkó láàárín wákàtí kan, bí ẹ bá ti mú èyí tó bẹ́ dání.

Mo máa ń kọ ohun mẹ́wàá tó lè jẹ lára ẹ̀rọ sórí bébà, mo sì ń gbé e lọ sọ́jà kí n tó sanwó. Bí mo bá rí méje nínú wọn, mo lè rà á. Àwọn mẹ́ta tó kù, mo ń rà wọ́n pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ bá fẹ́ kó o wọlé fúnra yín

Kúkúrú ni ti ibí. Báńkì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ Form M, ìwé tí a fi ń kéde ẹrù tí a fẹ́ kó wọlé, kí ẹrù tó gbéra lókè òkun. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ẹrù tí ẹjẹ́ńtì kọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8432, abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìgbìn wà. Katakata jẹ́ 8701. Bí wọ́n bá fi í sábẹ́ ẹrù mìíràn, owó tí wọ́n bù lé e lè yí padà, àríyànjiyàn náà á sì máa wáyé nígbà tí owó ìdúró ẹrù ń gorí ara wọn ní wọ́ọ̀fù. Ẹ wọn fífẹ̀ ẹ̀rọ bí wọ́n bá ti ká a, kí ẹ tó háyà lóbẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí kò tíì yan ẹ̀rọ kan rí lè lọ rí àwọn onímọ̀ ní NCAM, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ìdófìàn lẹ́bàá Ìlọrin. Iṣẹ́ wọn ni láti máa dán irú ẹ̀rọ wọ̀nyí wò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ díwọ̀n kí ẹ tó gbìn

Ẹ má gba àtẹ ìwọ̀n tó lẹ̀ mọ́ ara tánkì gbọ́. Irúgbìn ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Mítà 10 níbùú, mítà 10 lóròó, ìyẹn mítà 100 onígun mẹ́rin, jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà. Ẹ̀rọ mítà 3 gbọ́dọ̀ rin mítà 33.3 láti bo ìyẹn. Ẹ wọn yípo táyà tó ń yí rólà, lóko, pẹ̀lú irúgbìn nínú tánkì, nítorí táyà tó ru ẹrù kúrú ju èyí tó ṣófo lọ. Bí yípo rẹ̀ bá jẹ́ mítà 2, ìyípo 16 àti ìdajì ó lé díẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ẹ gba irúgbìn tó já sínú báàgì, kí ẹ fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ kílò 60 sóyà lẹ fẹ́ lórí hẹ́kítà, gíráàmù 600 lẹ gbọ́dọ̀ rí. Bí ẹ bá rí 520, ẹ ṣí rólà sí i pẹ̀lú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ tún un yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan fáànù, kí ẹ so náílọ́ọ̀nù tó ní ihò wẹ́wẹ́ mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ohun tó wà nínú wọn wé ara. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ìyókù, họ́ọ̀sì rẹ̀ ti gùn jù, ti ká jù, tàbí ohun kan wà nínú rẹ̀. Ẹ da sóyà inú náílọ́ọ̀nù kan sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tẹjú mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí èyí tó ti là sí méjì, tí awọ ti bọ́ lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ yín ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí họ́ọ̀sì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dí, kí ẹ wá fi díẹ̀ kún un. Fáànù tó ń ké jù a tún máa ta irúgbìn jáde kúrò nínú ihò tó yẹ kó sùn sí.

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀: yúríà kò gbọdọ̀ bá irúgbìn sùn sójú kan, á jó o. Ẹ̀rọ tó bá ń gbé ajílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ irúgbìn pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 5, tó tún fi 5 jìn jù ú lọ, ni kí ẹ wá. Bí ìgbóná bá wà ní ìwọ̀n 30 Celsius, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì ti tó ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún, yúríà ti ń fa omi mọ́ra, òwúrọ̀ ìgbà òjò wa sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ tú ajílẹ̀ inú tánkì padà sínú àpò, kí ẹ jẹ́ kí fáànù yí lófìfo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dírẹ́bà á sọ pé ó ti rẹ òun. Ẹ dúró tì í. Ajílẹ̀ tó sùn nínú họ́ọ̀sì mọ́jú, irin la fi ń ha á.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ̀lé ẹ̀rọ lẹ́yìn fún ìlà méjì àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi ìka wú ilẹ̀. Àgbàdo yẹ kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, sóyà 3 sí 4, ìrẹsì 2 sí 3. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ padà lọ sóko pẹ̀lú okùn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 13.3. Lórí ìlà àgbàdo tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75 síra wọn, okùn yẹn jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, igi 53 ló sì yẹ kí ẹ kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kà á níbi mẹ́wàá, lórí ìlà tó yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá ń rí 46 tàbí 47 níbi gbogbo, irúgbìn ni kí ẹ fura sí. Bó bá jẹ́ ìlà kan náà ló ń kéré nígbà gbogbo, ẹ lọ ṣí họ́ọ̀sì tàbí àwo ìlà yẹn kí òjò tó tún rọ̀.